Àgádágodo Méjì Lẹ́nu Géètì

Abọ́sẹ̀dé máa ń sọ pé bí ènìyàn bá fẹ́ mọ ẹni tó ń bọ̀ wá jẹ òun run, kí ó dúró kí onítọ̀hún kọ́kọ́ pa òwe pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ọkùnrin tó gbé ẹ̀rọ ìlọ̀ rẹ̀ lọ ní Ìsẹ̀, tó ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù fẹ́ bá a tún un ṣe, òwe yẹn ló fi ṣí ẹnu. Ẹ̀rọ ò padà, ọkùnrin náà ò padà, òwe nìkan ló kù sílẹ̀ fún un. Àgádágodo tó fi ń ti ilé ẹ̀rọ náà tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà nínú báàgì rẹ̀ títí di òní. Kò sí ohun tó fẹ́ fi tì mọ́, ó kàn fẹ́ kí ó máa wúwo lọ́wọ́ òun, kí òun má baà gbàgbé.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí Ọlájídé dìde ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ní Èmùré, tó tún kóòtù rẹ̀ fà, tó sì ní, "Ẹ̀yin àgbà, àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà," ńṣe ni Abọ́sẹ̀dé gbé báàgì rẹ̀ láti ilẹ̀ sórí itan, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ni Ọlájídé, kò tíì ju ẹni ogójì ọdún lọ. Ó ti pẹ́ ní Ìbàdàn kó tó padà wálé. Oní-ilé-iṣẹ́ ńlá ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí, nítorí ilé gàgàrà kan tó kọ́ sí ẹ̀bá ọ̀nà Ìgbàrà-Odò, tó fi géètì irin sí níwájú. Yorùbá tó ń sọ dán bíi ti rédíò. Mẹ́ta péré ni àwọn tó pè jọ lọ́jọ́ náà. Abọ́sẹ̀dé, opó tó ń ṣe láfún ní Ìsẹ̀, tí àwọn obìnrin bíi mélòó kan ń bá ṣiṣẹ́, jẹ́ ọ̀kan. Èkejì ni Akínyẹmí, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń mọ búlọ́ọ̀kù ní Èmùré báyìí. Ẹ̀kẹta ni Bọ́dúndé, ọmọ Ọ̀rún, tó ní ọkọ̀ akẹ́rù, tó sì máa ń sọ̀rọ̀ bíi pé ẹ́ńjìnnì ń dún létí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Ọlájídé kò ṣòro. Ilé-iṣẹ́ ìyẹ̀fun kan wà ní Ìbàdàn tó ń wá láfún, ẹ̀kún tírélà kan ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Kò sí ìlú kan nínú àwọn ìlú wọ̀nyí tó lè dá tírélà kún. Ṣùgbọ́n bí Ìsẹ̀ àti Èmùré bá da tiwọn pọ̀ mọ́ ti Ọ̀rún àti Ìkẹ́rẹ́, tírélà á kún, ẹrù á sì tún kù sílẹ̀.

"Kí àwa oníṣòwò fúnra wa darí ẹ̀," ló wí. "Ká má jókòó de ìjọba. Bí tírélà bá ti ń wá gbẹ́rù níbí déédéé, ojú ọ̀nà tó ti bàjẹ́ yìí, ìjọba náà á wá a wá."

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni àwọn ará Ìbàdàn sọ. Wọ́n máa rán ènìyàn wá kí òjò tó wọlé tán. Ibi kan ni kí wọ́n rí, kí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sìmẹ́ńtì tó dán, kí òrùlé rẹ̀ má jò, kí ewúrẹ́ má lè wọ ibẹ̀. Bí wọn ò bá rí i, wọ́n á gba ọ̀dọ̀ àwọn ará Oǹdó lọ.

"Ẹ jẹ́ ká ṣe é bí àáró," ni Ọlájídé wí. "Lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ. Tíṣà á kó búlọ́ọ̀kù wá, Bọ́dúndé á fi ọkọ̀ ru pákó àti páànù. Ọ̀dọ̀ Mọ̀mí ní Ìsẹ̀ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ìjì àkọ́rọ̀ òjò ti ká òrùlé ibi tí wọ́n ń sá láfún."

Bọ́dúndé pàtẹ́wọ́. Tíṣà mi orí. Abọ́sẹ̀dé, ẹni tí wọ́n fẹ́ kan òrùlé fún, kò rẹ́rìn-ín rárá. Ìjì ti ká òrùlé náà lóòótọ́, ó gbé páànù kan lọ sí ẹ̀yìn ilé ìwé. Tapólì ló ń tẹ́ sí gbangba báyìí, bí ìkùukùu bá ti ṣú, òun àti àwọn obìnrin rẹ̀ á máa sáré kó láfún bí ẹni tí iná ń lé. Bí òjò bá wọlé tán láìsí òrùlé, kò sí láfún. Bí kò bá sí láfún, ó di dandan kí ó sọ fún àwọn obìnrin náà pé kí wọ́n máa lọ ilé. Ó mọ gbogbo èyí, bẹ́ẹ̀ náà ló mọ̀ pé ẹni tó bá ní òun fẹ́ dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ la kọ́kọ́ ń wò. Èwo ni ti ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tó pe àáró, tó wá ń fi ipò àkọ́kọ́ ta obìnrin Ìsẹ̀ lọ́rẹ? Ohun tí wọ́n bá bá ọ kọ́, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọ́n á ní kí o bá àwọn pín in.

"Ọmọ mi," ló wí, "kí ló dé tó jẹ́ ulé temi lẹ kọ́kọ́ fẹ́ ṣe?"

"Nítorí tiyín ló le jù, mà."

"Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n àáró lẹ pè é, àáró sì ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Nígbà ayé bàbá mi, ẹnì kan kì í gbé ọkọ́ dé oko ẹnì kan láìjẹ́ pé gbogbo wọn ti kọ́kọ́ rin oko ara wọn. Wọ́n á rin tèmi, wọ́n á rin tìrẹ. Kí olóko ńlá má baà rẹ́ olóko kékeré jẹ, kí ẹni tí kò sì ní oko má baà wá jẹ iṣu oníṣu. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rìn."

"Òótọ́ ni Mọ̀mí sọ," ni Tíṣà wí. "Bí bàbá tèmi náà ṣe ń ṣe é nìyẹn."

Ọlájídé ní kò burú. Ó ti ṣí ìdérí omi inú ike tó wà níwájú rẹ̀, ó ti gbé e dé ẹnu, ó tún rọra gbé e kalẹ̀ láìmu. Ẹnikẹ́ni ò kíyè sí i àfi Abọ́sẹ̀dé. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Wọ́n rin ti Èmùré. Tíṣà fi búlọ́ọ̀kù rẹ̀ hàn wọ́n bíi pé ọmọ ilé ìwé ni wọ́n, ó ní kí Bọ́dúndé gun orí ọ̀kan, kò sì fọ́. Wọ́n rin ti Ọ̀rún, ìyá Bọ́dúndé sun iṣu fún wọn, ó sì fi epo tó dára sí i. Wọ́n wá dé Ìsẹ̀. Ọlájídé rìn yí ibi tí òrùlé ti ká lọ, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bu láfún díẹ̀, ó fi àtàǹpàkò rún un, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní, "Mọ̀mí, èyí dáa ju tàwọn tó ń kó wá sí Ìbàdàn lọ." Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Abọ́sẹ̀dé dé ọkàn, ìyẹn gan-an ló sì mú kí ó tún fura sí i. Ẹni tó gbé ẹ̀rọ lọ náà yìn ín dáadáa.

Ó wá ku ti Ìkẹ́rẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́, Ọlájídé ní kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ìyá òun, ìyá òun sì ti lọ kí àwọn ẹbí ní Òmùò. Wọ́n dá ọjọ́ mìíràn. Nígbà tí ọjọ́ yẹn pé, ó ní òun ń sìnkú kan ní Ìlasà. Lẹ́yìn èyí, ó ní àwọn tó ń jó irin wà níbẹ̀, pé iná wọn lè ba ojú àgbà jẹ́. Ó máa ń sọ ọ́ lórí fóònù pẹ̀lú ọ̀wọ̀ púpọ̀, "ẹ má bínú, mà" níbẹ̀rẹ̀, "ẹ má bínú, mà" níparí.

Jẹ́jẹ́ ni olórí àwọn obìnrin tó ń bá Abọ́sẹ̀dé ṣiṣẹ́. Orúkọ rẹ̀ ni jẹ́jẹ́ o, ẹnu rẹ̀ kọ́. "Màmá," ló wí, "wọ́n ní àwọn fẹ́ bá yín kan páànù, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ rìn. Wọ́n ti rìn. Èwo ló tún kù? Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n jó ni?"

"Ó ku ti Ìkẹ́rẹ́."

"Òjò ò mọ ti Ìkẹ́rẹ́ o."

Òjò ò mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ó rọ̀ láàárọ̀, ó rọ̀ lálẹ́. Láfún tí wọ́n kó wọ yàrá kò rí afẹ́fẹ́, ó bu, àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú. Wọ́n dà á fún ẹlẹ́dẹ̀. Abọ́sẹ̀dé wo àwọn ẹlẹ́dẹ̀ bí wọ́n ṣe ń jẹ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó lè pe Tíṣà nígbà náà, kí ó ní kí búlọ́ọ̀kù máa bọ̀. Kò pè é. Ìfura ti di eegun lọ́fun rẹ̀, kò ṣe é gbé mì, kò ṣe é pọ̀ jáde.

Kàkà bẹ́ẹ̀, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ìkẹ́rẹ́ ní òun nìkan, ó ra ọsàn lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń tajà ní òdìkejì géètì Ọlájídé. Ó bó ọ̀kan, ó jẹ ẹ́, ó wá béèrè bí ẹni tí kò bìkítà pé irú iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀.

"Ta ló mọ̀?" ni ọlọ́sàn wí. "N ò gbọ́ uró ẹ̀rọ níbẹ̀ rí. Bó bá ti mọ́, á dé, á wọlé, á ti géètì mọ́ra. Ó di ọ̀sán kó tó jáde. Òun nìkan náà ni."

Ara Abọ́sẹ̀dé bù máṣọ. Nígbà tó sọ fún àwọn tó kù, Bọ́dúndé ní ẹrù olè ló wà níbẹ̀. Tíṣà ní ó lè jẹ́ àwọn ọmọ Yahú ló ń kó pamọ́ síbẹ̀, pé òun ti kà nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn. Wọ́n fẹnu kò pé àwọn ò ní pe fóònù mọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan tí ojú ọ̀run ṣú, wọ́n kó sínú ọkọ̀ Bọ́dúndé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta níwájú, báàgì Abọ́sẹ̀dé láàárín wọn bí ẹlẹ́rìí.

Géètì wà ní títì láti inú. Wọ́n dákẹ́, wọ́n fetí sílẹ̀. Nǹkan kan ń dún nínú lọ́hùn-ún, ṣáá, ṣáá, á dúró díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Bọ́dúndé fi ẹ̀ṣẹ́ gbá irin náà. Ìró náà dúró. Ó pẹ́ kí ẹsẹ̀ tó dún, géètì sì ṣí díẹ̀, ojú Ọlájídé yọ. Kò wọ kóòtù. Ṣòkòtò penpe àti síńgílẹ́ẹ̀tì ló wà lára rẹ̀, ìgbálẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"A wá rin oko," ni Abọ́sẹ̀dé wí.

Ọlájídé wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ó yà fún wọn.

Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ, kò sí àpò, kò sí ènìyàn. Ilé gbọọrọ ni, ó ga, ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ tónítóní, àmì ìgbálẹ̀ sì wà níbi díẹ̀ tí eruku ṣì kù sí lẹ́bàá ògiri. Àga ike kan wà ní kọ̀rọ̀, kóòtù rẹ̀ wà lórí rẹ̀, ó ká a dáadáa. Wọ́n dúró láàárín ilé náà bí àlejò tó dé ibi ayẹyẹ tó ti tú.

"Níbo lẹ̀rọ wà?" ni Bọ́dúndé bi í.

"Kò sí."

"Wọ́n jí i ni?"

"Kò sí rí."

Ó wá sọ ọ́ fún wọn níbi tó dúró sí, pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Ilé-iṣẹ́ ìyẹ̀fun ní Ìbàdàn yẹn ló ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó dín òṣìṣẹ́ kù, tí wọ́n sì ní kí òun náà máa lọ. Gbogbo ohun tó ní ló fi kọ́ ilé yìí, ó rò pé òun á rí ẹ̀rọ rà tó bá yá. Kò yá. Ìyá rẹ̀ sì ti sọ fún gbogbo Ìkẹ́rẹ́ pé ọmọ òun ti dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Láràárọ̀ ló ń jáde nílé bí ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́, ó wá ń gbálẹ̀ níbí. Àwọn ará Ìbàdàn ní bí ó bá lè kó ìlú wọ̀nyí jọ kí láfún máa wá, àwọn á gbà á padà, á máa bá wọn ra ẹrù níhìn-ín.

"Uṣẹ́ yẹn ni mò ń wá," ló wí. Yorùbá rédíò ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "N ò wá ohun mìíràn lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni."

"O parọ́ fún wa," ni Tíṣà wí, ohùn rẹ̀ sì tutù bíi ti ẹni tó fẹ́ na ọmọ. "O ní o ní oko."

"Kí ló dé tí o ò sọ òótọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀?" ni Abọ́sẹ̀dé bi í.

Ọlájídé yíjú sí i. "Mọ̀mí, bí mo bá wá bá yín láìwọ kóòtù, tí mo ní ulé mi ṣófo, n ò níṣẹ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká jọ ṣòwò, ṣé ẹ á jókòó tì mí?"

Abọ́sẹ̀dé wo ìgbálẹ̀ tó wà lọ́wọ́ Ọlájídé. Ó mọ̀ pé òun ò ní jókòó tì í, òun ò tiẹ̀ ní jẹ́ kí ó wọ àgbàlá òun. Ẹni tó wọ kóòtù, ó fura sí i. Ẹni tí kò wọ̀ ọ́, kò ní fura sí i rárá, ńṣe ni yóò lé e.

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ," ni Bọ́dúndé wí. "Àáró ti tú. Ẹni tí kò lóko ń pe àáró!" Ó ti dé ẹnu géètì kí òjò tó já lù ú. Kò rọra bẹ̀rẹ̀, ńṣe ló dà. Bọ́dúndé sáré padà wọlé, aṣọ rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni tó bá rí ló ń pa. Wọ́n dúró síbẹ̀, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọn ò lè lọ, wọn ò sì fẹ́ wo ojú ara wọn. Ariwo òjò lórí páànù bo gbogbo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹni tí òrùlé rẹ̀ bá ń jò, bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, òkè ló máa ń wò. Abọ́sẹ̀dé gbójú sókè láìrò ó. Ó na ọwọ́ síwájú, àtẹ́lẹwọ́ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí rìn. Ó rìn láti ògiri kan dé ìkejì, ó dé kọ̀rọ̀, ó padà. Ẹ̀kán kan ò bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ lásán tẹ sìmẹ́ńtì náà, ó dán, ó sì gbẹ. Ó wo géètì, kò sí ihò tí ewúrẹ́ lè gbà wọlé.

Inú bí i nígbà náà. Ó bínú sí Ọlájídé pé gbogbo ìgbà tí láfún òun ń bu, ilé yìí wà níhìn-ín tí ọmọ náà ń gbá, tó sì ń tì í pa nítorí ìtìjú. Ó bínú sí ara rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òun ló fi "ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rìn" dá òrùlé ara òun dúró. Ó sì tún mọ ohun tí àwọn ará Ìsẹ̀ á wí bí wọ́n bá rí òun tó ń ru láfún Ìsẹ̀ lọ sá ní Ìkẹ́rẹ́. Jẹ́jẹ́ nìkan á fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọdún á fi yí.

"Tíṣà," ló wí, ó ní láti pariwo kí wọ́n tó gbọ́, "kí ni àwọn ará Ìbàdàn ní àwọn fẹ́ rí?"

Tíṣà wo òkè. Ó wo ilẹ̀. Ó gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ Ọlájídé, ó gbé e ti ògiri.

"Oko nìyí," ni Abọ́sẹ̀dé wí. "Ohun tí yóò wà nínú rẹ̀ ni kò sí. Bọ́dúndé, bí òjò bá dá, ọkọ̀ rẹ ń lọ sí Ìsẹ̀. Láfún tó kù nínú yàrá mi, bó bá sùn níbẹ̀ di ọ̀la, ti ẹlẹ́dẹ̀ ni."

Bọ́dúndé kùn díẹ̀, kò sọ pé rárá.

Nígbà tí òjò dá, wọ́n jáde. Ọlájídé ti wọ kóòtù rẹ̀ padà sórí síńgílẹ́ẹ̀tì, kò sì bá ara mu. Ó fi ọwọ́ méjèèjì na kọ́kọ́rọ́ géètì sí Abọ́sẹ̀dé. "Ẹ gbà á, mà. Ẹ̀yin lẹ máa lò ó jù."

"N ò gbà á. Fi àgádágodo rẹ ti ibẹ̀ yẹn."

Ó fi tì í. Ìdè àgádágodo méjì ló wà lẹ́nu géètì náà, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Abọ́sẹ̀dé ṣí báàgì rẹ̀, ó mú àgádágodo ilé ẹ̀rọ jáde, èyí tó ti ń gbé kiri láti ọjọ́ yìí wá. Ó ti dógùn-ún díẹ̀. Ó fi kọ́ ìdè ìsàlẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ra, ó fà á wò.

Ọlájídé wo àgádágodo méjèèjì. "Ṣé ẹ ò tíì gbà mí gbọ́ ni, mà?"

"N ò tíì gbà ọ́ gbọ́," ni Abọ́sẹ̀dé wí. "Ìwọ náà, má tíì gbà mí gbọ́. Ìdí tí tìrẹ fi gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ nìyẹn."

Wọ́n kó láfún dé kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n tún ti géètì, oníkálukú fi kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ sápò. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Abọ́sẹ̀dé àti Jẹ́jẹ́ bọ́ sílẹ̀ ní ọ̀nà Ìgbàrà-Odò. Ọlájídé ti wà níwájú géètì ní tirẹ̀, síńgílẹ́ẹ̀tì ló wọ̀, kò gbé kóòtù wá. Àgádágodo òkè ti wà ní ṣíṣí. Ó dúró ti géètì, ó ń de Abọ́sẹ̀dé, nítorí ti ìsàlẹ̀ ṣì wà ní títì, kò lè dá wọlé.